Ihò Tí Ràsákì Lu Sínú Idẹ

Ẹni tó bá ní Ràsákì ò mọṣẹ́, irọ́ gbuu ló pa. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi dúró ti bọ́ílà nílé iṣẹ́ sítáàṣì kan lọ́nà Ìjagun, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru omi mú ẹ̀gẹ́ lílọ̀ gbẹ. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Tráàpù wà lára páìpù káàkiri, òun ló ń tú omi tó bá kó jọ dànù, tí kì í jẹ́ kí ooru bá a jáde. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀. Bó bá ń ró kọ́, kọ́, kọ́, àlàáfíà ni. Bó bá dákẹ́, omi ti ń kún páìpù nìyẹn, ikú sì lomi ọ̀hún. Ràsákì á fi ọ̀pá irin kan ara tráàpù, á fi ìdí ẹ̀ sétí, á mi orí, á ní, "Ó dáa." Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é.

Àṣé ariwo bọ́ílà ti jẹ etí ọ̀hún tán! Ràmọ́tà, ìyàwó ẹ̀, ló kọ́kọ́ fura.

"Bàbá Mardiyah, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín o!"

Ó ní òun ń ronú ni. Ìrònú wo? Ìtìjú ni, ẹ jàre. Ta ni Elétí Ehoro fẹ́ sọ fún pé òun ò gbọ́ràn mọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọṣẹ́ padà lẹ́yìn Iléyá, bọ́ílà ti ń gbóná láti ìdájí. Bọ́dúnrìn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ gbaṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, dúró nídìí fáàfù tí ooru ń gbà wọ páìpù, ó ń wojú ẹ̀. Ràsákì fi irin sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti lé lóṣù mẹ́fà tí kò ti gbọ́ nǹkan kan, tí nǹkan kan ò sì ṣe. Ó mi orí. "Ó dáa."

Bọ́dúnrìn ṣí fáàfù. Omi tó ti kó jọ ta bí òkò, ó fọ́ páìpù, ooru sì bò ó. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò lọ́sibítù, ó kú.

Àwọn ọ̀gá ní tráàpù ló há. Kò sẹ́ni tó bi Ràsákì ní nǹkan kan, Ràsákì náà ò sì sọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọdún méjì ló fi ń lu idẹ lẹ́yìnkùlé. Tráàpù tí nǹkan kan ò ní máa mì nínú ẹ̀ ló ń wá, tí ò ní há, tí ò ní nílò etí ẹnikẹ́ni. Ihò kan ṣoṣo, bí ojú abẹ́rẹ́: omi á máa gbabẹ̀ jáde, omi yẹn náà á sì dí ọ̀nà mọ́ ooru. Bí ihò bá tóbi jù, ooru á sá. Bó bá kéré jù, omi á kún. Ìkọkànlélógójì ló ṣe déédéé. Ilé iṣẹ́ fi sára gbogbo páìpù, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó bú sẹ́kún, wọ́n ṣe bí ayọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ọ̀kan nínú idẹ náà lọ sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, lọ́dọ̀ Mọ́ṣádé, opó Bọ́dúnrìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un.

"Ìyá Tọ́pẹ́, tráàpù nìkan kọ́ ló pa Bọ́dúnrìn. Etí mi ti di. Mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, mo ní ó dáa. Ẹ forí jì mí, nítorí Ọlọ́run."

Mọ́ṣádé wo idẹ náà títí. Omi bọ́ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀rọ̀, ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ràsákì tẹjú mọ́ ètè ẹ̀, ó ń wá bóyá ìdáríjì ni, bóyá èpè ni. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu wo ni yóò fi ní kí obìnrin náà tún un sọ?

Mọ́ṣádé dákẹ́, ó ń wojú ẹ̀, ó ń retí èsì.

Ràsákì mi orí.