Páálí Tí Wọ́n Ní Ó Sọnù ní Tudu

Láti Èkó ni ọ̀gá wa ti wá sí iléeṣẹ́ tí mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Kokomlemle. Yorùbá tèmi, Yorùbá ọmọ tí wọ́n bí sí Accra, máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo máa ń gbójú kúrò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn olè jíjà kan ìyá tó ń ṣọ́ ilé ẹrù ní ibùdókọ̀ Tudu, n kò gbójú kúrò rárá.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ètò náà máa ń yẹ àkójọ ẹrù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó yọ èyí tí wọ́n ti wá gbé kúrò. Páálí aṣọ kan ṣì wà nínú àkójọ, kò sì sí nílẹ̀. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ọ̀gá, èmi náà sì bá a lọ.

"Mo gbé e fún ẹni tó ni ín, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà," ni Màmá ń wí.

"Kọ̀ǹpútà kì í parọ́," ọ̀gá sọ fún máníjà ibùdókọ̀.

"Ọ̀gá, ètò yín ló fo páálí náà," ni mo wí.

"Ta ló bi ọ́ léèrè?"

Mo to páálí mẹ́rin sílẹ̀. "Ẹ wò ó. Wọ́n ti wá gbé ìkejì àti ìkẹta. Ètò yín dé ipò kejì, ó yọ ọ́." Mo ti ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sún àwọn tó kù síwájú. "Ìkẹta ti bọ́ sí ipò kejì. Ipò kẹta sì lètò yín ń lọ. Ta ló wá yẹ eléyìí wò?"

Màmá gbọ́wọ́ lé e. "Èyí tí wọ́n ní mo jí nìyí."

"Má fọwọ́ kan iṣẹ́ mi o," ni ọ̀gá wí.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi níbẹ̀. Àkójọ tí ètò náà ń lò ní ohun kan bí afinimọ̀nà, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ètò la inú àkójọ náà já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ibi tó dé. Tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló yọ nǹkan, kò ní fo èyí tó kàn. Mo pa kíka ipò tì, mo gbé iṣẹ́ yíyọ lé e lọ́wọ́. Bí ètò náà ṣe tún ṣiṣẹ́, páálí náà kúrò nínú àkójọ lójú gbogbo wa. Máníjà bẹ Màmá, ó ní kó má bínú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní mo dójú ti òun níwájú oníbàárà, kí n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Mo kọ̀wé. Mo ṣàlàyé bí ètò rẹ̀ ṣe fo páálí, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú rẹ̀.