Màmá Bernice àti Èéfín Kóńgò

Kò sí ẹni tó mọ olóògbé Màmá Bernice ní Festac tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tó dá àdúrà dúró mọ́ pásítọ̀ lẹ́nu. Kùrukùru bolẹ̀ ní Sọ́ńdè ọjọ́ náà. Pásítọ̀ ní ọfà ọ̀tá ni. Màmá nawọ́ sókè.

"Kì í ṣe ọ̀tá, sà. Òkè ayọnáyèéfín kan ló wà ní Kóńgò tó ń tú imí ọjọ́ sáfẹ́fẹ́. Atẹ́gùn á gbé e gba orí igbó kìjikìji, á di eruku kíkúnná tójú ò rí, ìkùukùu á sì ṣù lé e lórí. Ó ń sọdá òkun dé igbó Bràsíìlì pàápàá!"

Imí ọjọ́ nìkan ni pásítọ̀ gbọ́. "Sódómù! Ẹ dìde, ká de òkè náà!"

"Ẹ má dè é o, sà. Tí ẹ bá dí i lẹ́nu, ṣe ló máa bẹ́."

Láti ọjọ́ náà ló ti di Màmá Kóńgò.

Orúkọ náà dun Owólabí, ọkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ni Bernice ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìwádìí tó ṣe lórí afẹ́fẹ́ orí igbó, tábìlì ni wọ́n fi nù. Ẹni tí kò mọ ìrókò yàtọ̀ sí ọ̀pẹ ni wọ́n ń fi jẹ ọ̀gá lé e lórí.

Síbẹ̀, Owólabí náà a máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀wà jóná lọ́jọ́ kan, èéfín kúnlé. Ó ní, "Ṣé Kóńgò náà tún nìyí?"

"Gbogbo èéfín kọ́ ni ti Kóńgò, Dádì. Ti ẹni tí mo ní kó máa wo ìkòkò nìyẹn."

Nígbà tí Jayéọlá aládùúgbò wọn gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé wọn, Màmá ti ń wúkọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e lọ sẹ́yìn ilé.

"Ẹ kọ́kọ́ bá Kóńgò sọ̀rọ̀, mà," ni Jayéọlá wí. "Tí wọ́n bá pa tiwọn, èmi náà á pa tèmi."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ikọ́ gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ikọ́ yẹn ló padà gbé e lọ. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló sunkún jù níbi ìsìnkú. Owólabí ń wò wọ́n, inú rẹ̀ korò bí jogbo.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jayéọlá gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé, ó wá jókòó ti Owólabí.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ìsinsìnyí lo wá mọ̀ pé ilé yìí lẹ́yìn?"

Jayéọlá dorí kodò. "Ohun tí Màmá ń sọ yẹn, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Tí ìkùukùu bá wá ṣù lórí eruku náà, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí òjò?"

Owólabí mi orí. "Ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń sùn lọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Owólabí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Màmá á sì jí mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Á ní, 'Kò burú, Dádì. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè.'"