Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi Nínú Pápá Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba, ẹni tó dá mi ní gíga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń tẹríba kí n tó wọ ilé ẹnikẹ́ni, tó sì jẹ́ kí n pẹ́ láyé ju púpọ̀ nínú àwọn tó fi gíga náà ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ lọ. Mo dúpẹ́ fún ohun tó fún mi. Mo dúpẹ́ fún ohun tí kò fún mi, nítorí Òun nìkan ló mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ọpẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ bí mo ṣe gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nígbà kan, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira, Muṣin ni à ń gbé. Télọ̀ ni bàbá mi. Mo lọ sí ilé kéú, mo sì ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí, mo yege. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n di tíṣà. Ṣùgbọ́n ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò rán mi lọ sí ilé-ìwé àwọn olùkọ́. Wọ́n bá mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ọ̀gá mi kò ní àkàbà. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi ṣe nígbà tí Ọlọ́run ti jẹ́ kí àkàbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá òun. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Òpó Iná. Àwọn ìyá tó ń ti ọjà bọ̀ a máa dúró bi mí bóyá òjò ti ń ṣú lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ kan, Òyìnbó kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti Yaba, ó mú téèpù ìwọ̀n lọ́wọ́. Ará Amẹ́ríkà ni, ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́ tí ìjọ kan dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá, tí wọ́n ń jù sínú irin róbótó tí wọ́n so àwọ̀n mọ́, bí apẹ̀rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti já. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò ga, ló bá ń wá àwọn tó ga kiri. Àwa kò mọ èyí. Ohun tí a rí ni Òyìnbó tó ń fi téèpù wọn àwọn ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀ lójú títì, tó sì ń mi orí.

Bàbá àgbà kan tó ń ṣe àlùwàlá níwájú mọ́sálásí ní, “Ẹ sọ fún un pé àwa kì í fi pósí sin òkú o.”

Bí ọ̀rọ̀ pósí ṣe jáde báyìí, gbogbo àwọn ọkùnrin gíga tó wà ní títì sá wọlé. Èmi nìkan ni n kò lè sá, nítorí pé mo ń fi ọwọ́ gbé àjà kan dúró kí ọ̀gá mi lè kàn án. Òyìnbó rí mi láti ìta, ó sì wọlé tọ̀ wá. Ọ̀gá mi wò ó, ó wò mí, ó ní, “Bó bá jẹ́ pósí ni, kò sí pákó tí yóò gba eléyìí ní gbogbo Èkó.”

Òyìnbó wọn ẹsẹ̀ mi, ó wọn apá mi, ó ní kí n ṣí àtẹ́lẹwọ́. Akọ̀wé ilé-ìwé wọn ló bá a wá gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn.

Ògbufọ̀ ní, “Ó ní kí o fò sókè.”

Mo fò, orí mi gbá igi àjà.

“Ó ní o dára púpọ̀. Èmi kò rí ibi tó ti dára, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni mò ń sọ.”

Ó wá ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ wọn yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti Ìjọra gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn alákòóso ilé-ìwé ti gbà pé, lọ́jọ́ náà, kí Òyìnbó mú ẹni kan ṣoṣo tó bá wù ú nínú àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, bí onítọ̀hún bá ti ka ìwé mẹ́fà, kó wá kọ́ iṣẹ́ tíṣà lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, Mùsùlùmí ni mí.”

Ó ní, “Gíga rẹ ni wọ́n wá mú. Tí a bá ń kọrin, kí o dákẹ́. Níbi tí ẹnu rẹ wà yẹn, ta ni yóò tiẹ̀ gbọ́?”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Yaba ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi jà ni ọwọ́ òsì. Òyìnbó fẹ́ kí n máa fi ọwọ́ méjèèjì ju bọ́ọ̀lù bákan náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí mò ń jù ú sí ló jù mí lọ lọ́jọ́ orí, n kò sì lè fi òsì na nǹkan sí ẹni tó jù mí lọ. Òyìnbó bá fi ọ̀já di ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ ẹ̀yìn. Mo wá ń fi òsì jù ú, ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ mi, mo ní láti kọ́kọ́ wí pé, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ òsì ni.” Kí n tó sọ ọ́ tán, ẹlòmíràn ti já a gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a rẹ́rìn-ín títí wọn yóò fi jókòó sílẹ̀. Òyìnbó béèrè ohun tí mò ń sọ. Ògbufọ̀ ní àdúrà ni mò ń gbà. Inú Òyìnbó dùn, ó ní kí n máa gbà á lọ, ṣùgbọ́n kí n gé e kúrú.

Ní àkókò yẹn, mo ní àfẹ́sọ́nà kan ní Ìjọra. Àwọn ẹbí ti mọ ara wọn, ó ku kí wọ́n so yìgì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, akọ̀wé ní ibi tí rélùwéè ń kó ẹrù sí, ni olórí ilé wọn láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ó kúrú, ó sanra. Bí ó bá dúró tì mí, ìgbànú mi ló ń kọjú sí, kò sì dárí èyí jì mí rí. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i nílé wọn, yóò fi mí sílẹ̀ nílẹ̀, yóò lọ mu omi, yóò padà wá kó tó ní kí n dìde. Ó máa ń wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yìí nìkan ni mo máa ń rí àtàrí rẹ̀.”

Lọ́jọ́ tí a gbá bọ́ọ̀lù náà, pápá kún. Àwọn ará Muṣin jókòó sí apá kan, bàbá mi wà láàrin wọn, ọ̀gá mi sì ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ kò rí fún un. Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ìṣòro. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sí mi lókè, n ó gbé e sínú irin bí ẹni ń gbé ìkòkò sórí àjà. Àwọn ará Ìjọra ń fò yí mi ká, ọwọ́ wọn kò kọjá èjìká mi. Òyìnbó ń pàtẹ́wọ́. Mo ti ń rí ara mi níwájú pátákó ìkọ̀wé, pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́.

Nígbà tí a sinmi, àwọn ará Ìjọra kóra jọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ẹnì kan wọlé láti àárín àwọn òǹwòran. Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n kò ṣí fìlà. Ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà mi ni. Kò mọ bọ́ọ̀lù náà gbá rárá. Ó rìn jẹ́jẹ́ wá sí abẹ́ irin, ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Mo gba bọ́ọ̀lù, mo yí padà, mo sì bá a níwájú mi.

Ó hú ikọ́. Ó ní, “Ṣé o ò rí mi ni?”

Mo gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ará Ìjọra gbé bọ́ọ̀lù náà, wọ́n sáré lọ jù ú sínú irin tiwa. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, mo ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé kò tíì ní kí n dìde. Gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín. Òyìnbó sáré wá pẹ̀lú omi àti báńdéèjì, ó ń tẹ orúnkún mi, ó ń béèrè ibi tó ń dùn mí.

Mo gbọ́ tí bàbá mi ń béèrè pé, “Kí ló dé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín?”

Ọ̀gá mi ní, “Ọmọ yín ti nà sílẹ̀, bàbá.”

“Ta ló rí?”

“Àna rẹ̀ ni.”

Bàbá mi ní, “Ó káre.”

Láti ìgbà yẹn, kò sí ibi tí mo yà sí tí ọkùnrin náà kò yà sí. Yóò ní, “Ìyá wa ní kí a kí ọ o,” n ó sì tẹríba dá a lóhùn. Yóò ní, “Gbé nǹkan yẹn wá,” n ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àwọn ará Ìjọra ń ka iye bọ́ọ̀lù tó gbà lọ́wọ́ mi jáde bí orin. Àwọn tí à ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ọ̀kan ní bí n kò bá lè dúró, kí n lọ fẹ́ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè ìparí dún, ayò kan péré ni wọ́n fi jù wá lọ. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lọ́wọ́ lábẹ́ irin wọn. Òyìnbó ń ké, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n: kí n fò. Àna mi kò gbé ọwọ́ sókè. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí èmi nìkan lè gbọ́.

“Fò. Tí o bá ti fò lé mi lórí lójú gbogbo ayé, má fi ẹsẹ̀ rẹ tẹ Ìjọra mọ́.”

Mo wo irin náà. Tí mo bá na ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án láìfò. Mo wo àfẹ́sọ́nà mi láàrin àwọn obìnrin Ìjọra. Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó fi ìbòrí bo ẹnu. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fèrè sì dún.

Mo rò pé mo ti pàdánù ipò náà, pé kò sí ẹni tí yóò gbà á. Òyìnbó kọjá lára mi, kò wò mí. Ó lọ di mọ́ àna mi. Ògbufọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè kí gbogbo wa gbọ́: láti ìgbà tí òun ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílé àwọn, òun kò rí ẹni tó fi ojú lásán dá ọkùnrin tó ga tó báyìí dúró rí, láìgbé ọwọ́. Ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ ni òun ń wá. Wọ́n bi àna mi bóyá ó ka ìwé mẹ́fà. Ó ní òun kà á.

Mo fa ògbufọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un pé àna mi ni?”

Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ló ní kí n máa túmọ̀. Kò ní kí n máa túmọ̀ àṣà.”

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà mi ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yaba. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ gbá fún wọn, àwọn sójà tí wọ́n kó wá láti òkè ọya ni wọ́n bá pàdé. Wọ́n ní ó dúró sábẹ́ irin, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó hú ikọ́. Àwọn sójà náà kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá, eyín iwájú rẹ̀ bọ́, wọ́n sì gbé e kúrò nínú pápá. Kò tún gbá a mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ipò ti di tirẹ̀, ìwé sì wọ̀ ọ́ lórí, ó ṣe tán, ó di tíṣà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣe tán, alárinà wá sí Muṣin. Ó jókòó lẹ́bàá bàbá mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní kí a má bínú, òun kò lè fi àbúrò òun fún káfíńtà nígbà tí òun fúnra òun jẹ́ tíṣà. Bí ó bá jẹ́ pé mo kàwé ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ alárinà, ó sì ní kí wọ́n bu omi fún un. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ó yí ojú tí kò ríran mọ́ sí ibi tó rò pé mo wà, ó bi mí bóyá mo ti bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà rí. Mo ní rárá, sà. Ó ní kí n lọ ṣe àlùwàlá, àsìkò ìrun ti tó.

N kò dé ilé-ìwé àwọn olùkọ́ títí di òní. Ọlọ́run fún mi ní iṣẹ́, ó fún mi ní ìlera, ó sì fún mi ní ìyàwó rere kan, ẹni tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Al-hamdu lillahi.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, kí Ọlọ́run fi yín sí ipò tó tọ́ sí yín. Kí ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín fún àjèjì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yín. Kí Ó sì fún yín ní àna tí kò ní sọ ọ̀wọ̀ yín di ìdènà fún yín. Àmín.