Ààwẹ̀ Tó Mú Sàlá Onífóòmù Sanra

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Sàlàhúdíìnì.

Sàlá ni wọ́n ń pè é. Fóòmù ibùsùn ló ń tà lójú títì ní Òwu. Orí ọjà rẹ̀ náà ló ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra fóòmù, á kọ́kọ́ ní kí Sàlá dìde lórí ẹ̀. Fóòmù ìsàlẹ̀ pátápátá ti tẹ̀ wọnú níbi tí ìdí rẹ̀ máa ń wà. Kò ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kò sí ẹni tó bá a wí nílé. Òun ni àkọ́bí ọkùnrin, bàbá rẹ̀ ti kú, oúnjẹ bàbá ni wọ́n sì ń bù fún un. Ìyá Àfúsá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ló ń se é. Ẹran márùn-ún á wà níbẹ̀. Epo á léfòó lókè. Iyọ̀ rẹ̀ á mú kí èèyàn wá omi kó tó gbé òkèlè kejì. Tí ìyá náà bá ti bu oúnjẹ tán, á gbé igbá obì rẹ̀ lérí, á máa kiri lọ. Sàlá á jẹun tán, á fi mínírà tútù lé e, á padà sórí fóòmù.

Bó ṣe ń jẹun nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ebi ń pa á.

Lọ́jọ́ kan, Nọ́ọ̀sì Harriet ra fóòmù mẹ́ta fún ilé ìwòsàn kékeré kan tó ti ń ṣiṣẹ́ l'Aké. Láńre ọlọ́kadà, ọ̀rẹ́ Sàlá, gbé méjì. Sàlá ní òun á fi orí ru ẹ̀kẹta, torí pé obìnrin náà ń wò ó, kò fẹ́ kó rò pé òun ò lágbára. Nígbà tó fi máa dé Aké, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó sọ fóòmù kalẹ̀, ó jókòó lé e. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ò bá a dá àpárá. Ó dúró títí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀, ó de aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

"Àádọ́jọ lé méjì lókè," ó ní. "Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nísàlẹ̀."

"Ṣé ó dáa?"

"Tó bá jẹ́ máàkì ìdánwò ni, ó dáa. Kí ló pa bàbá ẹ?"

"Ayé ni."

"Ayé wo?"

"Ayé náà, Nọ́ọ̀sì. Ó jẹun ọ̀sán tán, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò dìde mọ́."

"Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà yẹn?"

"Méjìlélógójì."

Nọ́ọ̀sì ń ká aṣọ ẹ̀rọ rẹ̀ jọ. "Ayé yẹn náà ló wà lápá ẹ yìí," ó ní.

Àwọn tó kàwé ní orúkọ gígùn fún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nọ́ọ̀sì ò tíì fún un lóògùn. Ó ní ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré, òun fún un ní oṣù mẹ́ta. Kó dín iyọ̀ àti epo kù. Kó jìnnà sí ẹran ọlọ́ràá àti mínírà. Kó máa jẹ ẹ̀fọ́, kó máa fi ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́, kó sì máa wá kí òun wọ̀n ọ́n. Tí kò bá wálẹ̀, oògùn ló kàn, kò sì ní mọ ìgbà tó máa fi í sílẹ̀.

"Tí o bá wá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́," ó ní, "ọdún mọ́kànlá ló kù kí o tó bá bàbá ẹ."

Sàlá ń ka mọ́kànlá lórí ìka ọwọ́ bó ṣe ń lọ sílé. Ìka tán, ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀rù bà á.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Àṣìṣe gbáà ni. Ilé tí wọ́n bá ti ní ayé ló pa bàbá, ọmọ kì í kọ oúnjẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ ti dárúkọ ẹni tó ń fura sí.

Ìyá Àfúsá gbé abọ́ náà dé àárín agbo ilé.

"Ẹ wá wò ó," ó ní. "Sàlá ò jẹun mi. Èmi ni mo pa bàbá rẹ̀, ó wá ku òun. Ẹ bá mi pe ọlọ́pàá, kí n má sá lọ."

Àlímátù, àbúrò ìyá náà obìnrin, jáde síta. "Sàlá, kí lo rí nínú ọbẹ̀?"

Iyọ̀ ni Sàlá rí. Ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ti ń dáná láti ọgọ́ta ọdún? Irọ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ààwẹ̀ ni mo ń gbà, Ìyá. Àlàmísì nìyí."

Àlàmísì ni lóòótọ́. Ìyá Àfúsá sọ abọ́ kalẹ̀.

"O ò ṣe sọ?" ó ní. "Ọmọ mi ń sin Ọlọ́run, èmi ń pariwo lé e lórí. Kí Ọlọ́run má bínú."

Irọ́ náà dùn mọ́ Sàlá lẹ́nu. Ó gba ti Àtìní mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, ó ní òun fẹ́ san gbogbo ààwẹ̀ tí òun jẹ sílẹ̀ nígbà èwe. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ọjọ́ tí kò gbààwẹ̀ àfi Jímọ̀. Tó bá di ọ̀sán, á sá sẹ́yìn fóòmù ńlá tó gbé ti ògiri ìsọ̀, á jẹ kùkúmbà àti ẹyin bíbọ̀. Tó bá di àárọ̀, á rìn lọ sí Aké, á rìn padà. Láńre rọra ń gun ọkadà tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan.

"Gùn ún, Sàlá. Mi ò ní gbowó."

"Mò ń rìn ni."

"Lọ síbo?"

"Aké."

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Kí n padà."

Láńre rò ó díẹ̀. "Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, ìrìn lòun náà fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó so ó mọ́lẹ̀ bíi wèrè."

Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni Sàlá gbàgbé, pé ààwẹ̀ ní ìṣínu.

Ẹni tó bá bọ́ aláàwẹ̀ lẹ́nu ìṣínu, láádá wà fún òun náà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kò sí obìnrin mùsùlùmí ní àdúgbò wọn tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí oòrùn bá ti wọ̀ báyìí, abọ́ á máa wọlé. Ìyá Àfúsá á gbé tirẹ̀ wá, ẹran tó máa ń jẹ́ márùn-ún ti di méje. Àlímátù á gbé mọ́ínmọ́ín. Àwọn ará ìta á gbé àkàrà, dòdò àti ògúfe dídín. Abọ́ mẹ́fà, nígbà mìíràn méje. Tí Sàlá bá tọ́ kan wò, ó gbọ́dọ̀ tọ́ ìyókù wò, kí ẹnì kan má baà sọ pé ó fi láádá òun du òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àlùfáà. Obìnrin kan tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó ṣàdúà sí fíríìjì òun tí kò tutù mọ́.

Oṣù kan pé. Sàlá rìn lọ sí Aké, ó gun òṣùwọ̀n, ó na apá.

"Àádọ́jọ lé mẹ́fà," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Kí lo ń jẹ?"

"Ààwẹ̀ ni mo ń gbà, Nọ́ọ̀sì."

"Mo rí i. Ààwẹ̀ náà ti fi kílò mẹ́ta kún ọ."

Sàlá jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta. Oṣù kan ti lọ nínú mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ sì ti gòkè sí i. Ó yọ kùkúmbà jáde lápò, ó gé e jẹ. Àlàmísì ni. Wọn ò tíì kírun Àílà.

Ìgbà tó máa gbójú sókè, Ìyá Àfúsá ló rí, tòun ti igbá obì lórí, ó dúró gbọn-in níwájú rẹ̀. Sàlá ò lè gbé e mì, kò lè tu ú.

"Gbé e mì," ni ìyá náà wí. "Ààwẹ̀ ti já ná."

Ó gbé e mì.

"Oúnjẹ mi ni o kò fẹ́ jẹ. Ọlọ́run lo wá fi bojú."

"Ìyá, kì í ṣe májèlé ni mo ń sá fún. Iyọ̀ ni. Iyọ̀ àti epo. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Nọ́ọ̀sì ní ohun tó pa bàbá mi nìyẹn."

Ìyá Àfúsá sọ igbá kalẹ̀.

"Ta ló ń se oúnjẹ bàbá ẹ?"

Sàlá ti kùkúmbà tó kù bọ àpò. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òótọ́ ọ̀rọ̀ náà burú ju irọ́ lọ. Ayé lè pa èèyàn kí wọ́n má mọ ẹni tí ayé jẹ́. Iyọ̀ ní ẹni tó bù ú.

"Bàbá mi ń mu sìgá páálí kan lójúmọ́," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ máa ń rán mi lọ rà á. Kì í rìn. Kò sì sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n fún un rí. Kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan."

Ìyá Àfúsá wọlé tọ Nọ́ọ̀sì lọ, ó na apá.

"De tèmi náà. Ká mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì ní kó sinmi ná, kó tó dè é. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà lókè, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin nísàlẹ̀. Ìyá, bí ti ọmọge ni tiyín rí."

"Ẹ ti rí i. Ọbẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan."

"Kí lẹ jẹ lánàá, Ìyá?"

"Ẹ̀kọ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀wà díẹ̀ láàárọ̀."

"Ẹ ò jẹ nínú ọbẹ̀ tí ẹ sè fún Sàlá?"

Ìyá Àfúsá wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Ta ló fẹ́ jẹ gbogbo epo yẹn? Oúnjẹ ọlá ni, ti olórí ilé. Tí mo bá jẹ ẹ́, inú á máa run mí."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì yíjú, ó lọ ń wá nǹkan nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó padà wá, kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀ mọ́.

"Ìyá ń kiri obì láti Òwu dé Aké, ó sì ń jẹ ẹ̀fọ́," ó sọ fún Sàlá. "Ìwọ ń jókòó, o sì ń jẹ ọlá. Oṣù méjì ló kù."

"Ìyá," ni Sàlá wí, "ẹ máa bu irú tiyín fún mi."

"Oúnjẹ arúgbó? Tí àwọn ará Òwu bá rí ẹ̀kọ tútù níwájú àkọ́bí ilé, wọ́n á ní mo ti fi ọ́ ṣẹrú."

"Ká jọ máa jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan ńkọ́?"

Ìyá náà wo ọwọ́ Sàlá. Ẹni méjì tó ń ti ọwọ́ bọ abọ́ kan, kò sí ẹni tó lè ní ọ̀kan ń fura sí èkejì. Kò sí ọkùnrin tó bá a jẹun nínú abọ́ rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Wàá fọwọ́ ẹ dáadáa," ó ní. "Òórùn fóòmù máa ń wà níbẹ̀."

Wọ́n jọ rìn lọ sílé. Ìyá náà ru obì, ó wà níwájú. Sàlá ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Láńre kọjá lára wọn, ó dín eré ọkadà kù.

"Àlùfáà, ìyá arúgbó ti fi ẹ́ sílẹ̀."

Sàlá ò ní èémí tó máa fi dá a lóhùn.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, àwọn obìnrin gbé abọ́ dé. Ìyá Àfúsá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ gbé e padà. Ó ti parí ààwẹ̀."

"Láádá wa ńkọ́, Ìyá?"

"Ẹ lọ bọ́ ọkọ yín."

Ó wọlé, ó jókòó sórí ẹní, ó gbé abọ́ kan ṣoṣo kalẹ̀. Sàlá jókòó ti ìyá náà pẹ̀lú ọwọ́ tó ti fi ọṣẹ fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kọ méjì ni Sàlá jẹ, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan, àti ẹja gbígbẹ kan tí Ìyá Àfúsá bù sí méjì, tó sì mú èyí tó tóbi.