Àgbọ̀nrín Tí Wọ́n Ní Ó Ti Tán

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni Ìyá Onífọ́tò fi ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ. Aṣọ funfun kan lára ògiri, àpótí ìjókòó kan níwájú rẹ̀, ó parí. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín." Iṣẹ́ náà ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó di inú igbó tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ojú ẹsẹ̀ ẹranko nínú ẹrẹ̀ etí odò. Ó yára lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ igbó yẹn kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àgbọ̀nrín wà nínú igbó yín o!"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. "Àgbọ̀nrín wo? Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti tán níbẹ̀. Ewúrẹ́ lo rí, àbúrò mi. Lọ jókòó ti pásípọ́ọ̀tù rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé ọ̀sán lòun á máa ṣí. Láti ọjọ́ kejì, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí á ti fara pamọ́ sẹ́yìn igi wíwó kan létí odò náà, níbi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé òórùn rẹ̀ lọ bá ẹranko. Ẹ̀fọn fi í ṣe oúnjẹ àárọ̀. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, pàbó ló já sí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ewé mì. Abo àgbọ̀nrín kan yọrí, ó na etí, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ wá sétí omi. Ìka obìnrin náà ti wà lórí kámẹ́rà kó tó ṣàkíyèsí pé ẹranko náà ń bojú wẹ̀yìn.

"Kí ló ń wò ná?" ló bi ara rẹ̀.

Ó gbé ìka kúrò. Bí ẹranko náà bá sá lọ báyìí, ìyà ọjọ́ mẹ́sàn-án gbé nìyẹn. Síbẹ̀, ó mí sínú, ó dúró. Kò pẹ́, ọmọ kékeré kan tó ní àmì tótòtó lára ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ jáde, ó ki orí bọ abẹ́ ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tẹ kámẹ́rà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyá àgbọ̀nrín gbójú sókè wò ó, ni tìyá tọmọ bá pòórá.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí fọ́tò náà, ó wọ awò ojú, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ó bímọ," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èmi rìn kọjá ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ìwọ lo jókòó."

Àwọn aláṣẹ igbó gbé fọ́tò náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, ó fẹ̀ bí ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe Ìyá Onífọ́tò wá wò ó, àlejò kan dúró síwájú fọ́tò náà, kò lè lọ.

"Ta ló ya irú èyí?"

Akọ̀wé ṣì ń wá orúkọ nínú ìwé nígbà tí obìnrin náà tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó na ẹ̀yìn ró ṣánṣán.

"Èmi ni," ló dáhùn. "Èmi gan-an ni mo yà á."