Mọ́tò Tí Wọ́n Pín sí Mẹ́ta

Ilẹ̀kùn mọ́tò ló wà lórí mi. Ọjọ́ ọjà Òkè-Ọ̀dàn ni, oòrùn ti mú, mo sì ń la àárín àwọn oníṣu kọjá. Gíláàsì ilẹ̀kùn náà ti jábọ́ sínú irin, gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ẹsẹ̀ ló ń dún gbàlàgàlà létí mi. Òṣùká mi ti yọ̀ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kan dúró nídìí onígúgúrú, wọ́n ń wò mí, ọ̀kan nínú wọn sì pariwo pé kí n jọ̀ọ́ gbé òun délé, òun náà fẹ́ wọ mọ́tò mi. Màmá ń lọ níwájú, kò gbé nǹkan kan dání, ó ń kí gbogbo ayé. "Ẹ kú ọjà o. Ilẹ̀kùn mọ́tò ọkọ mi ni o. Ẹ bá mi yọ̀."

Omi bọ́ lójú mi. Inú ló ń bí mi, kì í ṣe pé ilẹ̀kùn náà wúwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo.

Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Iyọ̀ àti kánún ló ń tà, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ níbi tó bá ti kan iyọ̀ àti kánún. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí nìkan ni kì í gbọ́. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ti ní ọkọ̀ ìjàpá kan nígbà ayé rẹ̀, àwọn tí ẹ̀yìn wọn máa ń rí róbótó, tí ẹ́ńjìnnì wọn máa ń wà lẹ́yìn. Ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá fẹ́, Màmá ni ìyálé. Nígbà tí Bàbá kú, ẹbí jókòó láti pín ogún ní ìdí igi mẹ́ta, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n pín oko, wọ́n pín agbádá, wọ́n pín àga, ó wá kan mọ́tò. Ẹnì kan ní kí wọ́n tà á. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ nà án. Wọ́n ní ta ni yóò ta orúkọ bàbá wọn síta? Ẹlòmíràn ní kí ìdí igi kan mú un, àwọn ìdí igi méjì tó kù sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Àgbàlagbà ni wọ́n o. Àwọn kan nínú wọn ti lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, ó kó sípánà rẹ̀ dé, wọ́n sì pín mọ́tò náà bí ẹni pín ẹran Iléyá. Bọ́dì jẹ́ ti àwa ọmọ Màmá. Ẹ́ńjìnnì àti táyà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyàwó kejì l'Ájílété. Ilẹ̀kùn méjèèjì, àga, sítíárìn àti iná iwájú bá àwọn ọmọ ìyàwó kẹta lọ. Oníkálùkù gbé tirẹ̀, wọ́n fi ìbínú túká, wọn kò sì jọ jẹun mọ́ láti ọjọ́ náà. Títí di òní, bí mo bá rántí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n pe gbogbo wọn jọ kí n bi wọ́n pé kí ló ṣe wọ́n.

Màmá kò sí níbi ìpín ogún náà. Ó ń ṣọ̀fọ̀ nínú yàrá. Ìgbà tó jáde opó ló rí bọ́dì lẹ́yìnkùlé, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní ẹsẹ̀, adìyẹ ti ń sùn nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún wa.

Ìdí tó fi ń dààmú kò ṣòro yé. Ọmọ Ìlárá ni, lọ́nà jíjìn lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ wa ti fẹ́ parí. Bàbá ti ṣe ìlérí fún un láti ọjọ́ tó ti ra mọ́tò pé òun yóò fi gbé e lọ sílé, yóò jókòó níwájú, àwọn èèyàn rẹ̀ yóò rí i. Lónìí, ó ní ọ̀la. Lọ́la, ó ní kí òjò dá. Ó gbé ìyàwó kejì lọ sí Ìlaròó nínú rẹ̀, ó gbé ẹ̀kẹta lọ sí Àjàṣẹ́ lẹ́yìn bodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Kò gbé Màmá dé ọjà pàápàá títí ikú fi dé. Màmá sì ti pinnu pé òun kò ní tẹ̀ lé e lọ sọ́run láìtíì fi mọ́tò náà dé Ìlárá.

Bàbá mi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká háyà takisí. Takisí tó mọ́, tó ní fáànù. Ẹ ó jókòó níwájú."

"Ṣé onítakisí ló fẹ́ mi?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń parí sí nìyẹn.

Bó ṣe di pé ilé wa ń rùn kẹ́rósíìnì láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀tì àti bóòtù kún inú agolo mílíìkì lábẹ́ tábìlì, wọ́n ń rẹ nínú kẹ́rósíìnì kí ìpẹtà lè tú. Bọ́ńpà wà lẹ́yìn ẹní mi, bí mo bá yíra padà lóru, orí mi á gbá a. Adìyẹ yé sínú iná iwájú kan, Màmá ò sì jẹ́ ká lé e, ó ní kò ṣe nǹkan sí iná. Kí n tó lọ síléèwé láràárọ̀, n ó fi sáńpépà ha irin, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, eruku pupa á bo yúnífọ́ọ̀mù mi. Ìyá mi ò lè pariwo lé ìyá ọkọ rẹ̀ lórí, nítorí náà èmi ló ń pariwo lé.

Bí ẹ̀yà ara mọ́tò kan bá dé, kì í wọlé bẹ́ẹ̀. Màmá á ní kí n gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bu omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun, á ní, "Káàbọ̀. O pẹ́ níta." Ilẹ̀kùn mọ́tò ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí mo gbé e láti ọjà ṣì wà lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀.

Gbogbo rẹ̀ ì bá ti rọrùn. Mẹkáníìkì àdúgbò wa gbé ilẹ̀kùn kan wá lọ́jọ́ kan láti ibi tí wọ́n ń kó àlòkù ọkọ̀ sí. Ìjàpá náà ni, ó sì dára ju tiwa lọ. Màmá yí i wò síwá sẹ́yìn, ó fọwọ́ pa á lára.

"Ta ni eléyìí?"

"Ilẹ̀kùn ni, Màmá. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

"N ò mọ̀ ọ́n. Gbé e lọ."

Mẹkáníìkì wo bàbá mi, bàbá mi wo òkè. Ilẹ̀kùn tí Màmá ń wá ti di ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ lọ́dọ̀ àǹtí wa tó wà ní Àjàṣẹ́, ọmọbìnrin ìyàwó kẹta. A lọ síbẹ̀ léraléra. Àǹtí náà á fún wa lóúnjẹ, á rẹ́rìn-ín, á wá gbé Faransé wọ̀ bíi gèlè. "Màmá, sé pa posíbù, kò lè ṣeé ṣe. Àwọn ewúrẹ́ mi ńkọ́?" Màmá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ewúrẹ́, á máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọkọ òun ni wọ́n fi sé ewúrẹ́ mọ́lé yẹn. Nígbà tó yá, ìtìjú ò jẹ́ kí Àǹtí lè jáde mọ́. Ó yọ ilẹ̀kùn méjèèjì, ó kó iná iwájú lé e, a sì fi ọkọ̀ èrò kó wọn dé ọjà Òkè-Ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n ó ní àga àti sítíárìn kò kúrò nílé òun, ohun tó kù tí òun fi ń rántí bàbá òun nìyẹn.

Ti Ajílété ló le jù. Bọ̀ọ̀dá bàbá mi níbẹ̀, àkọ́bí ìyàwó kejì, ti so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Gbogbo àwọn tó ń ṣe gààrí ládùúgbò ló ń kó ẹ̀gẹ́ wá bá a. Ẹ ó máa gbóhùn ẹ́ńjìnnì láti òpópó, páá-páá-páá, ọsàn àti epo gbígbóná á sì máa rùn pa pọ̀, nítorí igi ọsàn ló gbé e sí abẹ́ rẹ̀. Màmá á gbé àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọọjọ́ ọjà Ajílété, á jókòó sójú ọ̀nà gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹ̀gẹ́ dé, Màmá á kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ọkọ mi ló ń bá yín lọ ẹ̀gẹ́ yẹn. Mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí."

"Màmá, ohun tí mo fi ń bọ́ ọmọ nìyí!" Bọ̀ọ̀dá á pariwo, ẹ̀gẹ́ tó ta sókè á bo irùngbọ̀n rẹ̀. "Ṣé kí ebi pa àwọn ọmọ ọmọ yín?"

"Kí ebi má pa wọ́n. Máa lọ ẹ̀gẹ́ rẹ. Mo kàn jókòó ni."

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó jókòó lójò. Èmi ni mo ń gbé àpótí. N kò rí ẹni tó lè mú inú bí ènìyàn lọ́nà ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó ṣe, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ara rẹ̀ ń gbẹ, gbogbo wa sì rí i pé bí kò bá lọ sí Ìlárá lọ́dún yẹn, ó lè má lọ mọ́. Bọ̀ọ̀dá náà rí i. Ó pa ẹ́ńjìnnì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ọjọ́ kan, Màmá. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, kí n gba ẹ́ńjìnnì mi. Èmi náà á sì bá a lọ, n ò lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ yín, ó máa ń wa mọ́tò bí ẹni tí ajá ń lé."

Àǹtí gbọ́ ní Àjàṣẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, ló bá gbé àga àti sítíárìn dé, ó ní òun náà ò ní kúrò lẹ́yìn ẹrù òun. Mẹkáníìkì to gbogbo rẹ̀ pọ̀, àti táyà tí Bọ̀ọ̀dá kó wá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Bọ́dì ní àwọ̀ kan, ilẹ̀kùn ní òmíràn, òórùn ewúrẹ́ ò sì kúrò lára ọ̀kan nínú wọn. Bàbá mi wa ọkọ̀, Màmá jókòó níwájú nínú aṣọ òkè rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá, Àǹtí àti èmi fún ara wa pọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n jà láti Òkè-Ọ̀dàn dé Ìlaròó, wọ́n jà láti Ìlaròó dé Ayétòrò. Bọ̀ọ̀dá ń sọ pé bàbá mi ń fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì òun. Àǹtí ń sọ pé kí bàbá mi má fi ọwọ́ tó lóòógùn di sítíárìn òun mú. Bàbá mi ní ta ló ni bọ́dì tí wọ́n jọ jókòó sínú rẹ̀ yìí. Màmá ń wo ìta.

A ti kọjá Ìmẹ̀kọ, òrùlé Ìlárá ti ń hàn, nígbà tí nǹkan já lẹ́yìn wa, fàì. Bọ̀ọ̀dá bọ́ sílẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn, ó ní bẹ́líìtì tó ń yí fáànù ló já, ẹnikẹ́ni tó bá tún sáná sí ẹ́ńjìnnì náà yóò jó o. A ò ní bẹ́líìtì mìíràn. Ooru ń jáde látara irin.

Bàbá mi tẹ̀ ba lójú wíńdò. "Màmá, ó kù díẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká rìn."

"Kí n rìn?" Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ẹsẹ̀ ni mo fi kúrò ní Ìlárá."

Màmá gbé ọwọ́ lé itan, kò wo ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin lẹ pín in. Ẹ tì í."

Wọ́n tì í. Bàbá mi ti ẹ̀gbẹ́, ó fọwọ́ kan mú sítíárìn. Bọ̀ọ̀dá fi èjìká ti ẹ̀yìn, Àǹtí bọ́ bàtà, ó so gèlè mọ́ ìdí, èmi náà wà láàárín wọn. "Ìwọ ò tì í, o kàn fọwọ́ lé e ni!" "Ta ni ò tì í? Wo ọwọ́ mi!" Eruku wọ̀ wá lẹ́nu. Nígbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ ti gòkè, èémí ìjà tán nínú wọn, kò ku ju "ó tún yá, ó tún yá" lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ Ìlárá. Àwọn èèyàn jáde. Ẹ̀gbọ́n Màmá obìnrin jókòó níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó fọwọ́ bojú oòrùn, ó ń béèrè pé ta ni yẹn, ta ni yẹn. Màmá dúró títí bàbá mi fi ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó wá gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé èkejì.

"Èmi ni o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi gbé mi wá."

Mo wo Bọ̀ọ̀dá. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi aṣọ nu ojú, ó ní eruku ni.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun pọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan yin Màmá pé ọgbọ́n ńlá ló dá láti kó àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ jọ. Màmá pòṣé. "Àwọn wo? Mọ́tò ni mò ń wá." Mo gbà á gbọ́ títí di òní. Bọ̀ọ̀dá náà ò gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà. Nígbà tí a ti ra bẹ́líìtì tuntun tí a sì padà délé, ó wá sọ́dọ̀ wa lóòótọ́ láti yọ ọ́, ó jẹun, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òun á padà wá. Ó padà wá bẹ́ẹ̀ títí Màmá fi lọ bá Bàbá, ẹ̀rọ mìíràn ló sì ń lọ ẹ̀gẹ́ l'Ájílété.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe báyìí ní Ìlaròó, n kì í sì í gbé irin lórí mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn àbúrò mi bá jà, tí wọn ò gba ìpè ara wọn mọ́, n kì í bẹ̀ wọ́n, nítorí Màmá kò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo máa ń wá nǹkan tó wúwo, tí ẹnì kan ò lè dá gbé, mo sì máa ń pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú máa ń bí wọn sí mi gan-an. Wọ́n á ní mo ti ya wèrè. Wọ́n á sì wá.