Fìrísà Tó Ní Àgbélébùú Pupa

Màmá mi fi ọ̀dà èékánná pupa ya àgbélébùú sí abẹ́ ìdérí fìrísà wọn, kí ọ̀tá má baà rí i gbé. Wòlíì ilé àdúrà wọn ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo ní olè tó lágbára láti gbé fìrísà kò ní bẹ̀rù ọ̀dà èékánná.

Wọ́n ní, "Ìwọ tó kàwé, iṣẹ́ dà?"



Ẹ má rò pé owó ẹ̀yá ni mo fẹ́ bú. Owó ẹ̀yá ló ra fìrísà náà. Kí ó tó dé, orí tábìlì ni màmá mi ti ń ta ṣúgà, ìṣáná àti àbẹ́là lẹ́bàá títì tó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Odígbó. Obìnrin márùn-ún kóra jọ, ilé ẹ̀yáwó kan sì yá olúkúlùkù wọn lówó kékeré. Wọn kò béèrè ilẹ̀, wọn kò béèrè ilé. Àwọn obìnrin náà ló dúró fún ara wọn: bí ẹnì kan kò bá san tirẹ̀ níbi ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn mẹ́rin yòókù kò gbọdọ̀ dìde lórí bẹ́ńṣì títí wọn yóò fi bá a san án. Àwọn ará ìta ń pe irú owó bẹ́ẹ̀ ní gbọ́mú-lé-láńtà. Màmá mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn sétí. Wọ́n san gbèsè náà tán láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ra fìrísà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta píọ̀wọ́tà tútù àti mínírà fún àwọn awakọ̀ tó ń kọjá. Omi tútù yẹn ló ra aṣọ tí mo wọ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí mi.

Lẹ́yìn èyí ni ilé ẹ̀yáwó ní owó kejì yóò tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wọn yóò kọ́kọ́ wá wo ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn márààrùn-ún, ti màmá mi nìkan ló tó wò.

Alhaja tó ń ta ìrẹsì, tó jẹ́ olórí wọn, ní, "Ṣé kí a wá jókòó kí ojú máa tì wá ni? Bí àlejò bá ń bọ̀, ṣé a kì í yá àga aládùúgbò?"

Òótọ́ ni. Àṣà wa ni, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní irọ́. Wọ́n pinnu pé fìrísà màmá mi yóò lọ kí àlejò ní ṣọ́ọ̀bù márààrùn-ún.

Èmi ni mo ṣètò ìrìn àjò rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé, ìgbà àkọ́kọ́ tó wúlò sì nìyẹn. Òṣìṣẹ́ náà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì nínú oòrùn Ọ̀rẹ̀. Mo ń bá a rìn lójú títì, mo ń fi gírámà dá a dúró. Màrúwá tó gbé fìrísà ń gba ẹ̀yìn ilé.

Nígbà tó ṣí ìdérí ní ọ̀dọ̀ Alhaja, ó nàka sí abẹ́ rẹ̀.

"Alhaja, ṣé ẹ̀yin náà ti ń lọ ilé àdúrà ni? Àgbélébùú rèé."

"Ọmọ mi, Ọlọ́run kan náà ló ń mú omi dì."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tó kẹ́yìn jẹ́ ti èyí tó kéré jù nínú wọn, obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ àti iyọ̀. Yìnyín ti ń yọ́ nígbà tí a fi débẹ̀, omi sì ń jò lábẹ́ fìrísà. Òṣìṣẹ́ náà gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí omi náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ré ejò tó sùn kọjá. Kò béèrè ohunkóhun. Ó kọ̀wé pẹ́, ó sì ní kí obìnrin náà fọwọ́ sí i, bí àwọn yòókù ti ṣe.

Owó tí wọ́n yá wa ju èyí tí a béèrè lọ. Àwọn obìnrin náà jó. Èmi kò jó. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí kí a tó kàn án máa ń bà mí lẹ́rù.

Àjèjì ni obìnrin ọlọ́ṣẹ náà àti ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn abúlé Omífunfun ni wọ́n ti ń dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Obìnrin náà kó èyí tó pọ̀ nínú owó ẹ̀yá náà fún ọkọ rẹ̀ láti fi ra oògùn kòkó. Òjò ọdún náà kò dáwọ́ dúró. Kòkó di dúdú, ó jẹrà lórí igi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àyè rẹ̀ ṣófo lórí bẹ́ńṣì. Àwọn mẹ́rin yòókù bá a san án. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún san án. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, kò sí ẹni tó tún ní nǹkan lọ́wọ́. Alhaja ní kí n gun ọ̀kadà lọ wò ó lóko. Ààrò ti tutù nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ká ẹní lọ.

Ọjọ́ kejì ni òṣìṣẹ́ náà wọ ṣọ́ọ̀bù màmá mi pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Ó kí wọn dáadáa.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹrù obìnrin tó sá lọ ni mo wá kó."

"Ẹrù rẹ̀ wo ló wà níbí?"

Ó ṣí ìwé kan, ó kà á: "Fìrísà funfun kan, àgbélébùú pupa wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Ó fi í dógò fún owó wa, ó fọwọ́ sí i." Ó ṣí ìdérí. "Ẹ wò ó, mà."

"Tèmi nìyẹn!"

"Mo mọ̀, mà. Ó wà nínú ìwé tiyín náà."

Mo fò dìde. "Irọ́ ni! Èmi ni mo ṣètò bí wọ́n ṣe gbé e lọ..."

"Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín, ọ̀gá. Wọ́n gbé e lọ síbo?"

Mo rọra jókòó padà.

Màmá mi wò ó lójú. "O rí i lọ́jọ́ náà."

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo rí i, mà. Àwọn ọ̀gá tiwa náà fẹ́ kí owó ẹ̀yá máa jáde."

Wọ́n kó mínírà sílẹ̀ fún wa, wọ́n gbé fìrísà. Òṣìṣẹ́ náà ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó yíjú padà. "Ẹ̀yin máa ń san tiyín déédéé, mà. Ẹ lè gba owó mìíràn, kí ẹ fi ra tuntun."

Ìwé mẹ́rin ṣì wà ní ọ́fíìsì wọn, obìnrin mẹ́rin, fìrísà kan náà. Bí ẹlòmíràn bá tún sá, n kò mọ ohun tí wọn yóò wá gbé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, màmá mi tètè múra ìpàdé. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ gba owó mìíràn ni.

Wọ́n so gèlè wọn tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Kí lo fẹ́ kí n máa tà, gírámà rẹ?"